"Ob-La-Di" Kì Í Ṣe Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Ká Dá A Padà Fún Onílé

Ẹ tẹ orúkọ orin Beatles kan báyìí, "Ob-La-Di, Ob-La-Da", sórí Google. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé gbólóhùn Yorùbá ni, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ayé ń lọ. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹgbẹ́ olórin náà, ó sì wà nínú ìbéèrè kúìsì káàkiri ayé. Àwọn òyìnbó tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" rí láyé wọn mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, tí a fi ń jẹun, tí a fi ń jà, tí a fi ń lá àlá, a kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: gbólóhùn náà kì í ṣe tiwa, àwa ọmọ Yorùbá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá dákẹ́ torí pé irọ́ náà ń pọ́n wa lé, a ti gba ohun ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ti inú kíláàsì fonọ́lọ́jì bẹ̀rẹ̀, níbi tí gbogbo wa ti làágùn ní ọdún kìíní. Oríṣi sílébù mẹ́ta ni Yorùbá ní: fáwẹ́lì nìkan, kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ́lì, àti kọ́ńsónáǹtì aránmú asesílébù. Ó parí. Kò sí sílébù Yorùbá tí b ń kẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni b àti l kì í sùn sórí ẹní kan náà láìsí fáwẹ́lì láàárín wọn. Ẹ wo ohun tí a ṣe fún àwọn ọ̀rọ̀ àyálò: "blue" wọlé, a sọ ọ́ di búlúù, "bread" wọlé, a sọ ọ́ di búrẹ́dì, "table" di tábìlì. Bí "ob-la-di" bá ti ẹnu Yorùbá jáde lóòótọ́, á ti ní fáwẹ́lì lẹ́yìn b, á sì ti ní ohùn lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lẹ́nu yín, ẹ pè é ní ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ gbé ohùn òkè síbí, ẹ gbé ohùn ìsàlẹ̀ sọ́hùn-ún. Kò sí èyí tó máa fún yín ní "ayé ń lọ" nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní bóyá ẹ̀ka-èdè ni. Ó dáa, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, nítorí a kì í fi Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan dájọ́. Àwa ní Ìgbẹmọ-Èkìtì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń wí yẹn, ulé ni ní ẹnu àwọn ìyá wa. Iṣu, usu ni. Èkìtì ní òfin tirẹ̀ tí ìwé gírámà kan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ rìn láti Ìgbẹmọ dé Adó, kí ẹ gba Ìjẹ̀ṣà kọjá, kí ẹ dé Ìjẹ̀bú, kí ẹ sọdá sí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ẹ kò ní bá ẹ̀ka-èdè kan tó ń fi b pa ilẹ̀kùn sílébù dé.

Tí a bá sì fẹ́ sọ pé ayé ń lọ, a ní tiwa. "Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́." Gbólóhùn kúkúrú ni, ó pé, ó sì ní ohùn. Kí la fẹ́ yá tẹlòmíràn ṣe? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ nípa aṣọ àgbàbọ̀ pé bí kò bá fúnni lápá, á ṣoni lẹ́sẹ̀.

Ta wá ni onílé?

Orúkọ rẹ̀ ni Jimmy Scott, Scott-Emuakpor ní kíkún. Ọmọ Urhobo ni, láti Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta ti òde òní. Ó ń lu ìlù kóńgà ní àwọn ilé ijó ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni òun àti Paul McCartney ti pàdé. Scott fẹ́ràn gbólóhùn yìí débi pé ó fi sọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lórúkọ. Tó bá wà lórí ìtàgé, á ké apá kìíní, àwọn èrò á dá a lóhùn pẹ̀lú apá kejì, òun náà á wá fi gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀ pé ayé ń lọ. Ẹ kíyè sí i: gẹ̀ẹ́sì ìparí yìí ni àwọn èèyàn sọ di ìtumọ̀ ohun tó ṣáájú. Àbí ẹni tó bá pariwo "hep hep", tí wọ́n sì dáhùn "húrèè", ṣé ìtumọ̀ èkejì ni ìkíní ni? Lẹ́yìn ikú Scott, ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un ní èdè Urhobo ni, pé ó ní ìtumọ̀ kan tí Scott kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn Beatles. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá ẹnì kan ni, ọ̀rọ̀ àṣírí, ni wọ́n wá kọ orúkọ Yorùbá sí lára.

Ní oṣù July 1968 ni àwọn Beatles ń gba orin náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Scott fúnra rẹ̀ lu kóńgà nínú ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbé jáde. McCartney kò dẹ̀yìn lẹ́yìn orin náà. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń tún un gbà, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. John Lennon kórìíra rẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó jókòó sídìí dùùrù, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára àti ìbínú, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe dé. (Oṣù yẹn kan náà ni Geoff Emerick, ẹni tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, sú, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.) Orin náà jáde ní November 1968. Ẹgbẹ́ olórin mìíràn, Marmalade, tún un kọ, tiwọn sì gun orí ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní January 1969.

Níbi orúkọ àwọn tó kọ orin náà, Lennon àti McCartney ni wọ́n tẹ̀. Ẹ dúró síbí díẹ̀. Lennon tí kò fẹ́ rí orin náà sójú, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Jimmy Scott tó ni gbólóhùn tí wọ́n fi sọ orin náà lórúkọ, orúkọ rẹ̀ kò sí. Scott bínú, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìpín tòun. Èsì McCartney ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé tó bá jẹ́ pé Scott ló kọ orin náà, ìpín ìbá kàn án. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ òfin kan fún Scott lọ́rùn, ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn Beatles pé kí wọ́n bá òun san owó agbẹjọ́rò. McCartney san án, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé kí Scott má bèèrè ohunkóhun lórí orin náà mọ́. Scott kú ní 1986.

Nínú ìtàn yìí, wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, wọ́n ti gba orúkọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé láti ilé bàbá òun ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìyẹn gan-an ni àwa Yorùbá ń bá a dù.

A kò ṣàròyé lásán. Ní ìsinmi tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ ní Ìgbẹmọ fún kúìsì orin àtijọ́. A lọ, a gbádùn rẹ̀. Ìbéèrè yìí jáde: èdè wo ni "Ob-La-Di, Ob-La-Da"? Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ olùbéèrè ni Yorùbá. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n yọ̀, ẹnì kan tiẹ̀ dìde jó. Ọ̀kan nínú wa bá lọ bá olùbéèrè lẹ́yìn eré, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe Yorùbá o." Ẹ̀gbọ́n wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ohun tó wà lórí fóònù ni kí n gbàgbọ́ ni, àbí tìẹ?" A ní kí wọ́n fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì: èwo ni "ayé" níbẹ̀, èwo ni "lọ"? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, eré ni à ń ṣe."

A mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ohun tí kì í ṣe eré ní ìlú yìí ṣàpẹẹrẹ. Ìrẹsì Ìgbẹmọ lókìkí. Ará Adó tó bá mọ oúnjẹ, òórùn rẹ̀ lásán ti tó fún un. Bí ẹnì kan bá lọ rọ ìrẹsì ibòmíràn sínú àpò, tó kọ Ìgbẹmọ sí i lára, tó gbé e lọ sọ́jà, ṣé eré la máa pè é? Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin tirẹ̀, tó lé ẹyẹ, tó gé e, tó bọ̀ ọ́, tó sá a, á lọ bá onítọ̀hún níbi tó ń tà á sí. Kò sì yẹ kí inú ará Ìgbẹmọ dùn pé "ó kúkú jẹ́ kí orúkọ wa túbọ̀ kárí". Orúkọ tó kárí lórí ọjà tí kì í ṣe tiwa, ọjọ́ tí àṣírí bá tú, èyí tó jẹ́ tiwa gan-an á di ohun tí èèyàn ń fura sí.

Ohun tó sì dùn wá jù ni pé àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn kò mọ èyí tó jẹ́ tiwa.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní 1950, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ajído lẹ́bàá Badagry wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé ní Morehouse College, Atlanta. Babatunde Olatunji ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ jáde, Drums of Passion. Ìlù àti ohùn ni, kò sí gìtá, kò sí dùùrù. Àwọn òyìnbó ra àwo náà bí ẹní ra ẹ̀pà. Bob Dylan dárúkọ Olatunji nínú orin kan ní 1963. Ní 1969, Santana mú orin "Jin-go-lo-ba" láti inú àwo yìí, wọ́n fi gìtá iná sí i, wọ́n pè é ní "Jingo". Òun ló jáde ṣáájú gbogbo orin inú àwo wọn àkọ́kọ́, wọ́n sì lù ú ní Woodstock lọ́dún yẹn kan náà. Bí ẹ bá ti gbọ́ Santana rí, ẹ ti gbọ́ ọmọ Badagry.

Ìyẹn ni èyí tó dára nínú ìtàn náà. Èyí tí kò dára ni ti Serge Gainsbourg, gbajúgbajà olórin ilẹ̀ Faransé. Ní 1964 ó gbé àwo kan jáde tí wọ́n ń pè ní Gainsbourg Percussions. Orin mẹ́ta nínú rẹ̀, "New York U.S.A.", "Joanna" àti "Marabout", inú Drums of Passion ló ti wá: "Akiwowo", "Kiyakiya" àti "Jin-go-lo-ba". Kò kọ orúkọ Olatunji síbẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ló kọ. "Akiwowo" tí Olatunji fi ki òṣìṣẹ́ rélùwéè di orin tó ń ka orúkọ àwọn ilé gíga New York. "Kiyakiya", tí ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìgbẹmọ lè sọ fún yín pé wéré-wéré ni, di orin nípa obìnrin kan tó sanra. Inú ń bí wa sí èyí. Ó yẹ kó bí wa. Àmọ́ bí a bá ń bínú sí Gainsbourg, pẹ̀lú ẹnu wo la fi ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ Urhobo tí wọ́n kọ orúkọ wa sí? Ohun tí Gainsbourg ṣe fún Olatunji ni kúìsì wa ń ṣe fún Scott. Ti Gainsbourg mú owó wá, tiwa kò mú nǹkan wá ju àtẹ́wọ́ lọ.

Fela kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n gba nǹkan kó tó bínú. Ní 1973, McCartney wá sí Èkó láti gba àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Àpápá. Geoff Emerick tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ló bá a wá, ẹni tó sá fún "Ob-La-Di" lọ́dún márùn-ún ṣáájú. Àwọn olè fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ McCartney àti ìyàwó rẹ̀ ní òpópónà, wọ́n gba téèpù lọ́wọ́ wọn. Fela lọ bá a ní sítúdíò, ó ní ó wá jí orin àwọn ènìyàn dúdú gbé ni. McCartney ní láti lu orin náà fún un kó gbọ́ pé kò sí nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Fela fẹ́ràn ìjà. Ní tiwa, ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jimmy Scott kò ní rẹ́rìn-ín.

Àwọn mìíràn wà tí a lè fi kún ìbéèrè kúìsì láìjẹ pé a purọ́. Ta ló ta gìtá onírin, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ ta, nínú orin "Graceland" tí Paul Simon gbé jáde ní 1986? Demola Adepoju ni, ọmọ ẹgbẹ́ King Sunny Adé. Ta ló fọn hàmóníkà nínú àwo Aura tí Sunny Adé ṣe ní 1984? Stevie Wonder. Àti nítòsí ilé: olórin Èkìtì wo ló fi ẹ̀ka-èdè wa kọrin sínú àwo, tí kò sọ ọ́ di Yorùbá Ọ̀yọ́? Olóyè Elemure Ogunyemi. A bèèrè èyí tó kẹ́yìn yìí lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa mẹ́wàá, ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló mọ orúkọ àwọn Beatles mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí a ṣe nìyí. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kíláàsì ìkẹyìn ní ẹ̀ka Yorùbá ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. A kò ní ohunkóhun lòdì sí òwe àti oríkì, ṣùgbọ́n àwọn orí ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ti kọ títí tí ìwé rẹ̀ ti kún àjà. Drums of Passion ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá rẹ̀ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì: kò sí àmì ohùn, wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí méjì níbi tí kò yẹ, wọ́n so ó pọ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n gé e. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà ń jẹ́ "Oyin Momo Ado". Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ bíbí Adó-Èkìtì, ti ń yán gàǹgà pé oyin ìlú òun ni Olatunji ń kọrin nípa rẹ̀! Ọ̀rẹ́, àmì ohùn ló yà wọ́n: igbá kékeré tí wọ́n ń rọ nǹkan sí ni tinú orin. Adó ni ìlú rẹ. Bí a kò bá fi àmì sí i, irọ́ tuntun á tún dìde, ọmọ Adó ni yóò sì pa á.

Torí náà, àwa mẹ́rin tí a jọ kọ èyí ti pín orin mẹ́jọ inú àwo náà, méjì méjì. À ń gbọ́ ọ, à ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, a sì ń kọ ìtumọ̀ sí i. "Ọdún Dé" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tó bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù náà nílé, pàápàá èyí tí bàbá àgbà tọ́jú pẹ̀lú páálí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí náà ránṣẹ́ sí wa, nítorí a fẹ́ fi ojú ara wa rí bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Bí ọmọ Urhobo kan bá sì ń ka èyí, tó fẹ́ kọ nípa Jimmy Scott síbí, ojú ewé wà fún un, a kò sì ní ṣàtúnṣe ohun tó bá kọ.